Ta Ló Ni Iyèméjì? Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Lórí Iṣẹ́ Ọnà Òde Òní

Ẹ̀yin tí ẹ bi mí léèrè orúnkún mi, ó ti fúyẹ́ díẹ̀, mo dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ọ̀kan nínú yín ló dá a sílẹ̀. Ó lọ wo ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan ní Èkó, ó wá kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Prof. Ẹ dákun, ẹ là mí lóye. Mo rí fọ́tò tí wọ́n ti nu ojú èèyàn inú rẹ̀ nù. Mo rí lẹ́tà tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú pa ìdajì rẹ̀ rẹ́. Mo bi ọmọ tó ń mú wa káàkiri pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ìrántí àti iyèméjì ni. Prof, ṣé iyèméjì náà ti di ohun tí wọ́n ń gbé kọ́ ògiri ni? Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa ní kíláàsì pé ẹni tó bá mọ ohun tó fẹ́ sọ, kó sọ ọ́ kó yé èèyàn."

Mo rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Àmọ́ ìbéèrè náà gbé mi sùn, ó gbé mi jí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń yí i síhìn-ín yí i sọ́hùn-ún. Nígbà tí ìdáhùn máa dé, kò wá látinú ìwé kankan. Ara ògiri yàrá ìyá mi ló ti wá.

Ìbọ̀sẹ̀ tó yọ́ wálẹ̀

Nílé wa ní Ìgbómìnà, fọ́tò kan wà lókè ibùsùn ìyá mi. Ọmọdébìnrin méjì ló jókòó nínú rẹ̀, aṣọ kan náà, ìlẹ̀kẹ̀ kan náà. Ìbejì ni wọ́n, Táyé àti Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n mi, tí ìyá mi bí ṣáájú mi. Wọn ò tíì bí mi nígbà tí Táyé kú. Fọ́tò yẹn nìkan ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà náà, mo dùbúlẹ̀ mo ń wo fọ́tò yìí, ni mo bá rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì Táyé ti yọ́ wálẹ̀. Mo wo Kẹ́hìndé. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì tiẹ̀ náà ti yọ́ wálẹ̀, ibi kan náà gan-an ló dúró sí. Mo wo ọwọ́. Mo wo ìlẹ̀kẹ̀. Mo wo bí aṣọ ṣe ká jọ lórí orúnkún. Kò sí ìyàtọ̀ kankan. Mo sáré jáde, mo ní, "Màmá, ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì!"

Ìyá mi ò dáhùn kíá. Nígbà tó yá, ó ní, "Ojú ẹ ti là jù, ìwọ ọmọ yìí." Lẹ́yìn náà ló wá sọ fún mi. Táyé ti lọ kí wọ́n tó rí owó fọ́tò. Kẹ́hìndé nìkan ni wọ́n mú lọ sọ́dọ̀ oníyàwòrán. Òun nìkan ló jókòó, òun nìkan ni wọ́n yà. Nígbà tí oníyàwòrán wá ń fọ fọ́tò náà, ó tẹ Kẹ́hìndé lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, ó sì rọra pa ojú ibi tí wọ́n ti pàdé rẹ́.

Kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, lọ jókòó ti àwọn oníyàwòrán ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tẹ ìbejì tó kù lẹ́ẹ̀mejì kó lè dúró fún èyí tó ti lọ. Bí ọ̀kan bá jẹ́ ọkùnrin tí èkejì jẹ́ obìnrin, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á. Wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún un yà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí fọ́tò tó dé, ère ìbejì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, agbẹ́gilére kì í sì í gbẹ́ ojú ọmọ tó kú. Ìkókó ló kú, ojú àgbàlagbà ni wọ́n máa ń gbẹ́. Kò sẹ́ni tó máa wò ó kó ní, "Áà, ó jọ ọ́."

Ìbéèrè mi wá nìyí: ṣé irọ́ ni fọ́tò ìyá mi? Bí a bá fi ojú kóòtù wò ó, irọ́ ni. Táyé ò jókòó lórí àga yẹn rí. Àmọ́ ta ni wọ́n tàn jẹ? Ìyá mi mọ̀. Bàbá mi mọ̀. Oníyàwòrán mọ̀. Àwọn àlejò tó ń wọlé wá kí wa, tí wọ́n bá rí i, wọ́n á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," torí wọ́n mọ̀. Gbogbo ẹni tó ń wo fọ́tò náà ló mú ohun tí kò sí nínú rẹ̀ dání wá láti ilé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ni màá fi wọn àwọn iṣẹ́ tó kù.

Iyè kan, iyè méjì

Ẹ jẹ́ ká yẹ èdè wa wò díẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè ṣe kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Iyè tí mo ń wí kì í ṣe ìyè, èyí tó jẹ́ wíwà láàyè. Iyè ni ibi tí ìrántí àti òye ń gbé. Bí àgbàlagbà bá ń gbàgbé nǹkan, a ó ní iyè rẹ̀ ti ń rá. Bí èèyàn ò bá wá mọ èyí tí òun máa gbà gbọ́, a ó ní ó ń ṣe iyèméjì. Ẹ ò rí i bí àwọn baba wa ṣe lò ó? Ẹni tó gbàgbé, iyè tirẹ̀ ti lọ. Ẹni tó ń ṣiyèméjì, iyè rẹ̀ wà, méjì ló wà níbi tó yẹ kí ọ̀kan wà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ iyèméjì fi máa ń dun èèyàn. Ó dà bí ìgbà tí ẹlẹ́rìí méjì bá ń sọ̀rọ̀ pọ̀ ní etí rẹ, tí o sì mọ àwọn méjèèjì sí ọmọlúàbí.

Ọ̀rọ̀ kejì ni àwòrán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal ti kọ ọ́ pé inú "à-wò-rántí" ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde: ohun tí a ń wò láti fi rántí. Ẹlòmíràn lè ní ọ̀dọ̀ "wòran" ló ti wá, mi ò ní torí ìyẹn bá ẹnikẹ́ni jà. Ohun tó wù mí nínú àlàyé Lawal ni pé kò fi àwòrán ṣe ẹ̀dà ojú lásán. Ó fún un ní iṣẹ́ tó ń ṣe fún ẹni tó ń wò ó.

Kí wá ni oníṣẹ́ ọnà máa ṣe nígbà tí iyè bá di méjì? Àwọn kan yan ọ̀kan, wọ́n pa èkejì rẹ́, wọ́n mọ ère akọni sí oríta. Àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ wò yẹn kọ̀ láti yan ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn ni láti jẹ́ kí a rí méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni méjì ṣe àpẹẹrẹ, kí n tó wá mú ẹnì kẹta tó bí mi nínú.

Àbúrò ìyá rẹ̀

Ọmọ Jámánì ni Gerhard Richter. Ìlú Dresden ni wọ́n bí i sí ní 1932. Lẹ́yìn ogun, apá Jámánì tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Kọ́múníìsì ló dàgbà sí, kó tó sá kọjá sí apá kejì ní 1961. Ní 1965, ó mú fọ́tò ẹbí kan, ó fi ọ̀dà yà á sórí aṣọ fífẹ̀, dúdú àti funfun, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ nínú fọ́tò. Ọmọbìnrin tó ń bàlágà kan ló wà níbẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ìkókó sì wà níwájú rẹ̀. Ìkókó yẹn ni Richter fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni Marianne, àbúrò ìyá rẹ̀. Richter ya gbogbo rẹ̀ tán, ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, ó fà á kọjá lórí ọ̀dà tútù náà títí gbogbo rẹ̀ fi di bàìbàì, bí ẹni ń wo èèyàn láti inú fèrèsé tí òjò ń rọ̀ lù.

Marianne ní àìsàn ọpọlọ nígbà tó yá. Lábẹ́ ìjọba Hitler, wọ́n fi tipátipá ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má baà bímọ, wọ́n sì ṣe é fún òun náà. Ní 1945, ogun ò tíì parí, ó kú sí ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ti ń fi ebi àti oògùn pa wọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ọdún kan ṣáájú kó tó ya àwòrán Marianne, Richter ti ya òmíràn látinú fọ́tò: ẹbí kan tó lọ gbafẹ́ létí òkun, tí inú gbogbo wọn dùn. Bàbá ìyàwó rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ ni. Dókítà ni bàbá náà, Heinrich Eufinger ni orúkọ rẹ̀. Nǹkan bí 40 ọdún kọjá kí akọ̀ròyìn kan tó ń jẹ́ Jürgen Schreiber tó tú àṣírí pé ọmọ ẹgbẹ́ SS ni dókítà yìí, ó sì wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ tipátipá yẹn ní Dresden. Ẹni tí wọ́n ṣìkà sí àti ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe irú ìkà bẹ́ẹ̀, ẹnì kan náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwọn méjèèjì, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà sọ wọ́n di bàìbàì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹwà lásán ni bàìbàì yẹn. Ká ní Richter ya Marianne kedere, à bá ní a ti mọ̀ ọ́n. Ká ní kò yà á rárá, à bá ti gbàgbé rẹ̀. Bó ṣe yà á yìí, a rí i pé ẹnì kan wà níbẹ̀, a sì rí i pé fọ́tò ò tó. Iyè ta ló ń ṣiyèméjì sí? Iyè ti ara rẹ̀ ni. Inú ilé bàbá rẹ̀ àti ilé àna rẹ̀ ló ti gbé e wá. Bí ó bá ṣìnà, òun ló máa kọ́kọ́ jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹnu Ọba

Ẹnì kejì súnmọ́ wa dáadáa. Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá ni láti Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin. 1962 ni wọ́n bí i. Láàárín 1997 sí 2005 ló ṣe iṣẹ́ kan tó pè ní La Bouche du Roi, ìyẹn Ẹnu Ọba. Orúkọ ibì kan ni, níbi tí odò Mono ti ń wọ òkun, tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọ́kọ̀.

Mo rí iṣẹ́ náà ní 2007, nígbà tí mo lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi ní London. Ọdún yẹn ló pé 200 ọdún tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú, British Museum sì pàtẹ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì ni, 304 kẹ́ẹ̀gì, èyí tí àwọn onífàyàwọ́ fi ń gbé epo bẹntiróòlù láti Nàìjíríà wọ Benin. Ó gé apá kan kúrò lára wọn, ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu èèyàn, ibi tí a fi ń gbé e di imú. Ó tò wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe to ẹrú sínú ọkọ̀ Brooks, ọkọ̀ ará Liverpool kan, nínú àwòrán tí àwọn tó ń bá òwò ẹrú jà tẹ̀ jáde ní 1788. Ìlẹ̀kẹ̀, owó ẹyọ, ìgò ọtí, tábà àti èròjà ọbẹ̀ wà láàárín wọn. Fíìmù kan ń fi àwọn ọlọ́kadà onífàyàwọ́ hàn, tí kẹ́ẹ̀gì bò wọ́n mọ́lẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ohùn sì ń jáde, ní èdè Yorùbá àti àwọn èdè mìíràn ní Benin. Mo dúró láàárín London, mo ń gbọ́ Yorùbá láti ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Ara mi bù máṣọ.

Àwọn ènìyàn inú àwòrán 1788 yẹn ò ní ojú. Ìlà kékeré dúdú lásán ni wọ́n, ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. A ò mọ ojú wọn, a ò sì lè mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé. Ẹlòmíràn ì bá gbẹ́ 304 ojú tó rẹwà, kó ní àwọn baba ńlá wa rèé. Hazoumè ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mú ìdọ̀tí òde òní, ó fi dí ojú ihò náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í mú fún ojú ẹrú gidi. Ó dà bí ìyá tó lẹ aṣọ ọmọ rẹ̀ ní ìdí ṣòkòtò: ó fi aṣọ aláwọ̀ mìíràn lẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé rí i pé ibẹ̀ ya. Síbẹ̀ àwọn kẹ́ẹ̀gì náà ò jọra. Èyí ti bó, èyí ti wú; àwọn onífàyàwọ́ máa ń fi iná mú kẹ́ẹ̀gì wú kó lè gba epo sí i, títí tí á fi bẹ́. Ẹni tó bá mọ ìyẹn á mọ ìdí tí wọ́n fi tò wọ́n bí ẹrù nínú ọkọ̀.

Ẹ tún wo orúkọ rẹ̀. Ẹnu ọba. Ọba ta ni? Àwọn òyìnbó nìkan ló ra ni, àbí àwọn kan nílé wa ló tà? Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe máa ń rí ní àwùjọ wa: ẹni tó tà máa ń gbàgbé, ọmọ ẹni tí wọ́n tà kì í gbàgbé. Hazoumè ò yan apá kan fún wa. Ìpàtẹ náà kúrò ní London, ó lọ sí Hull, Bristol àti Liverpool, ìlú tí ọkọ̀ Brooks ti wá gan-an. Ará Liverpool ń bi ara rẹ̀ léèrè, ará Àjàṣẹ́ náà ń bi ara rẹ̀ léèrè. Iyèméjì tó kan tọ̀tún-tòsì nìyẹn.

Orí Ifẹ̀ ní Venice

Ó kan ẹnì kẹta báyìí. Ní oṣù kẹrin 2017, Damien Hirst, olówó nínú àwọn oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣí ìpàtẹ ńlá kan ní Venice ní Ítálì. Ìtàn tó sọ ni pé ẹrú kan tó ti di òmìnira ní ayé àtijọ́, Cif Amotan Kejì, di olówó rẹpẹtẹ, ó kó ìṣúra gbogbo ayé sínú ọkọ̀ kan, ọkọ̀ náà sì rì. Ó ní ní 2008 ni wọ́n rí i lábẹ́ òkun ní ìlà-oòrùn Áfíríkà. Fíìmù wà tó ń fi àwọn òmùwẹ̀ hàn bí wọ́n ṣe ń fa ère jáde látinú omi, iyùn òkun sì ti hù sára àwọn ère náà. Gbogbo rẹ̀ pátá, àròsọ ni. Bí ẹ bá to lẹ́tà inú orúkọ Cif Amotan Kejì bí àwọn òyìnbó ṣe kọ ọ́ sí ọ̀nà mìíràn, ó máa jẹ́ "èmi, ìtàn àròsọ ni mí" lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ ọnà tó dá lórí ìrántí àti iyèméjì ni èyí náà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ó ń béèrè pé kí ló dé tí a máa ń gba mùsíọ́ọ̀mù gbọ́, kí ló dé tí ohun tó bá ti gbó lójú ṣe máa ń jẹ́ òótọ́ lójú wa. Ìbéèrè tó dáa ni. Mickey Mouse wà láàárín àwọn ère náà, tí iyùn òkun hù bò ó lára. Èèyàn á rí i, á bú sẹ́rìn-ín, á ní, "Áà, ọkùnrin yìí ń fi wá ṣeré ni."

Orí obìnrin kan náà wà níbẹ̀, ó ń dán bíi wúrà, ilà wẹ́wẹ́ sì fa gbogbo ojú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Ọmọ Yorùbá èyíkéyìí tó bá ti ṣí ìwé ìtàn rí kò ní béèrè orúkọ rẹ̀. Orí Ifẹ̀ ni.

Ní ìlú Venice kan náà, ní ọdún kan náà, Nàìjíríà ní ibi ìpàtẹ tirẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà Biennale. Peju Alatise, Qudus Onikeku àti Victor Ehikhamenor ló ṣojú wa. Ehikhamenor ló kọ́kọ́ pariwo síta. Ohun tó sọ, lọ́rọ̀ tèmi, ni pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó máa rí orí yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní ronú kan Ifẹ̀, wọn ò ní ronú kan Nàìjíríà. Tiẹ̀ ni wọ́n máa kà á sí. Ilé iṣẹ́ Hirst dáhùn pé ìwé ìtọ́nisọ́nà ìpàtẹ náà dárúkọ Ifẹ̀. Òótọ́ ni, ó dárúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan bi mí nígbà náà pé, "Kí ló wá kù tí ẹ̀ ń bínú sí, Prof? Ó ṣáà dárúkọ wa."

Ohun tó kù rèé. Ẹ rántí ìbọ̀sẹ̀ tó yọ́ wálẹ̀. Fọ́tò ìyá mi ò tan ẹnikẹ́ni jẹ torí gbogbo ẹni tó ń wò ó ló ti mọ̀. Mickey Mouse náà ò tan ẹnikẹ́ni jẹ torí kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n. Ṣé gbogbo ẹni tó wọ ibi ìpàtẹ yẹn ló mọ Ifẹ̀? Bí èèyàn ò bá mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kí ló máa fi mọ̀ pé wọ́n ń ṣeré? Lójú rẹ̀, Ifẹ̀ àti ọkọ̀ tí kò rì rí máa wọ inú àpò kan náà, orúkọ rẹ̀ ni "bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni."

Ifẹ̀ sì ti wà nínú àpò yẹn rí. Ní 1910, Leo Frobenius láti Jámánì dé Ifẹ̀, ó rí àwọn orí alámọ̀ àti orí idẹ, ojú rẹ̀ là. Àmọ́ kò gbà pé àwọn èèyàn tó wà níwájú rẹ̀ ni baba wọn lè ṣe é. Ó ní àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ ló ti ibẹ̀ kọjá, ó ní Atlantis, ìlú tó rì sómi nínú ìtàn, ni òun rí. Ẹ gbọ́ o, ìlú tó rì sómi! Ní 1938, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ni wọ́n bá tún kan orí idẹ tó lé ní mẹ́wàá. Síbẹ̀, ó gba ọ̀pọ̀ ọdún àti iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń walẹ̀ kí ayé tó gbà pé ọwọ́ Ifẹ̀ ló ṣe é. Ìrántí tí wọ́n fi odidi ìran kan jà fún lẹ́nu àwọn oníyèméjì, ní 2017 ẹnì kan tún dá a padà sínú ìtàn ọkọ̀ tó rì, ó ní eré ni. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀.

Mi ò sọ pé kí Hirst má wo Ifẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ò ní géètì. Ẹni tó bá rí ohun tó dáa lè kọ́ ọ. Mi ò sì sọ pé olè ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìrántí tirẹ̀ kọ́ ló ń ṣiyèméjì sí. Bí eré náà bá dùn, òun ló máa gba owó, bí ó bá da nǹkan rú, ọmọ ilé ìwé kan ní Mọdákẹ́kẹ́ tàbí Ifẹ̀ ló máa tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún àlejò pé, "Rárá o, àwọn baba wa ló ṣe é." Ehikhamenor náà lo orí ní Venice lọ́dún yẹn: ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ orí idẹ kéékèèké, àwọn dígí sì wà láàárín wọn, ó pè é ní ìtàn ìgbésí ayé àwọn ẹni ìgbàgbé. Ẹni tó bá súnmọ́ ọn láti wò ó, ojú ara rẹ̀ ló máa rí nínú dígí náà.

Ohun tí mo máa sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ mi

Nítorí náà, ọmọ mi, tó o bá tún lọ síbi ìpàtẹ, má jẹ́ kí iyèméjì bà ọ́ lẹ́rù, má sì jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ yàn ọ́ jẹ. Bi ara rẹ pé: ìrántí ta ni wọ́n ń ṣiyèméjì sí níbí, ṣé ti oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ni àbí ti ẹlòmíràn? Tún bi ara rẹ pé: ṣé ẹni tó ń wò ó ní ohun tó lè fi mọ ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́? Fọ́tò tí wọ́n nu ojú inú rẹ̀ nù tó o rí yẹn, bóyá ìyá oníṣẹ́ ọnà náà ni. Bóyá kò rántí ojú rẹ̀ mọ́ ni. Lọ béèrè. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá jẹ́ gbólóhùn ńlá tí kò lórí tí kò nídìí, máa bá tìrẹ lọ. Bí ó bá dárúkọ ẹnì kan, fà á sún mọ́ ibẹ̀, dúró wò ó dáadáa.

Èmi náà ní tèmi láti san. Ẹ̀gbọ́n mi Kẹ́hìndé ti lé ní 80 ọdún báyìí, iyè rẹ̀ sì ti ń rá. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo lọ kí i, fọ́tò náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó fi ìka tọ́ka sí apá ọ̀tún, ó ní, "Èmi rèé." Ó tọ́ka sí apá òsì, ó ní, "Táyé rèé. Ó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ náà, ó ní kí n má sunkún, fọ́tò kì í dunni."

Ẹnu mi ti là láti sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ ti dé ètè mi. Ìgbà kan wà tí òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ wa, tó máa ń fi ìbọ̀sẹ̀ hàn wọ́n, tí a ó jọ rẹ́rìn-ín. Mo gbé e mì. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni Táyé tún sọ?" Ó sọ fún mi. Ó pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tó sùn, mo yọ fọ́tò náà jáde nínú férémù, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé: "Kẹ́hìndé ni àwọn méjèèjì. Táyé ti lọ kí wọ́n tó ya èyí. Ìyá wọn ló ní kí wọ́n yà wọ́n pọ̀." Mo kọ orúkọ mi sí i, mo kọ ọjọ́. Lẹ́yìn náà mo kọ ìlà kan sí i: "Ẹ̀gbọ́n mi rántí pé Táyé di ọwọ́ òun mú." Mo dá a padà sínú férémù, mo gbé e kọ́ síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ó dìgbà o. Ẹ̀yin tí ẹ ní fọ́tò nílé tí ẹ̀yin nìkan mọ ìtàn rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bírò.